Òru Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Sọ: Ohun Tí Géèmù Darkwood Fi Hàn Wá Nípa Ìbẹ̀rù

Lójú ọ̀sán, ọkùnrin aláìlórúkọ tí à ń darí nínú géèmù Darkwood máa ń wọ inú igbó lọ ṣa pákó, ìṣó, àkísà àti epo bẹntiróòlù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti padà sílé, nítorí ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ nínú igbó yẹn kò ní pẹ́ kú. Bó bá sì délé tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó máa kan pákó mọ́ ojú fèrèsé, ó máa wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ dí ẹnu ọ̀nà, ó máa rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ kí iná má baà kú láàárín òru. Lẹ́yìn náà, á wá igun yàrá kan, á kẹ̀yìn sí ògiri, á kọjú sí ilẹ̀kùn, á sì máa retí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú géèmù náà, ìretí yìí ló le jù.

Ohun tó ń retí gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, wọ́n á kan ilẹ̀kùn gbì, gbì, gbì, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ wẹ́lo. Tàbí kí ẹsẹ̀ máa dún lẹ́yìn ògiri, kí ó yí ilé náà ká, kí ó má sì wọlé. Tàbí kí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kó kú, kí nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Géèmù náà ló ń ṣa èyí tó bá wù ú nínú ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀, kì í sì í sọ èyí tó kàn fún ẹni. Àwọn àgbà wa ní òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní Darkwood, ẹni tó níbọn lọ́wọ́ àti ẹni tó di igi mú, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òru.

Àwọn ọmọ Póláǹdì mẹ́ta ló ṣe géèmù yìí ní ìlú Warsaw, lábẹ́ orúkọ Acid Wizard Studio. Wọ́n gbé e sí igbó kan ní Ìlà Oòrùn Yúróòpù láyé ìjọba kọ́múníìsì, níbi tí igi ti hù títí tó fi dí gbogbo ọ̀nà tó jáde. Ní 2013, wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni iṣẹ́ náà parí tó sì jáde. Nígbà tó jáde, àwọn fúnra wọn tún gbé e sórí ìkànnì Pirate Bay lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ má baà fi du ara rẹ̀. Inú mi dùn sí wọn gidigidi nítorí ìwà yẹn. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n mú iṣẹ́ wọn wá sínú ìwé ìlera ni ìpinnu mìíràn tí wọ́n ṣe: wọ́n ní àwọn kò ní gbára lé ohun tó ń ṣàdédé fò jáde láti dẹ́rù ba èèyàn. Àìmọ̀ ni wọ́n fi dẹ́rù bà á. Ohun méjì tí a sábà máa ń pa pọ̀ ni wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún wa, ìyẹn ohun tó lè ṣe wá níbi, àti àìmọ ìgbà tí yóò dé. Èrò mi ni pé ìkejì ló ń jẹ ara jù, òun náà sì ni èèyàn lágbára láti dín kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ara. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbì, etí gbé ìró náà dé inú ọpọlọ, níbi tí nǹkan kékeré kan tó rí bí èso álímọ́ńdì wà, tí wọ́n ń pè ní amygdala. Kò dúró béèrè bóyá inú géèmù ni ìró náà ti wá. Ó ránṣẹ́, àwọn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọmọlójú á fẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí ẹsẹ̀ àti apá. Èyí kò gba ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni cortisol á dé, òun ń rọra bọ̀ ni, ó lè tó ìdajì wákàtí kó tó ga dé ibi tó máa ga dé. Iṣẹ́ adrenaline ni kí a lè sá tàbí kí a lè jà. Iṣẹ́ cortisol ni kí ara lè máa rí agbára ná bí ìjà náà bá pẹ́. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó burú ni pé ẹni tó jókòó sí igun yàrá nínú Darkwood kò sá, kò jà, ó kàn ń retí, ara rẹ̀ sì ti gbaradì fún ohun tí kò tíì dé.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, Jay Weiss ní Yunifásítì Rockefeller ní New York ṣe ìwádìí kan tó ṣàlàyé ohun tí irú ìretí bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó so wáyà mọ́ ìrù àwọn eku, ó sì ń jẹ́ kí iná gbé wọn. Agbára iná náà kò yàtọ̀, iye ìgbà tó gbé wọn kò yàtọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohùn kan máa ń dún kí iná tó gbé eku kan, ṣùgbọ́n eku kejì kò ní àmì kankan tó fi lè mọ̀. Nígbà tó yẹ inú wọn wò, ọgbẹ́ inú eku tí kò mọ ìgbà pọ̀ ju ti eku tó ń gbọ́ àmì lọ dáadáa. Ó tún ṣe òmíràn, tí eku kan ti lè fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan kí iná náà lè dúró. Bó bá dá a dúró fún ara rẹ̀, ó dúró fún ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà iná kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ ọgbẹ́ inú eku tó ní kẹ̀kẹ́ kéré sí ti ẹnìkejì. Ìwádìí tó le ni, ó sì ṣeni láàánú fún àwọn eku náà, àmọ́ òótọ́ tó fi hàn kò ṣeé gbójú fò: àmì àti kẹ̀kẹ́, ìyẹn ni pé kí èèyàn mọ ìgbà tí nǹkan máa dé, kó sì ní ohun kan tó lè ṣe sí i, wọ́n ń dáàbò bo ara kódà nígbà tí ìyà náà kò dín kù.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ èèyàn? Ní 2016, Archy de Berker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London lo géèmù orí kọ̀ǹpútà kan láti wá ìdáhùn. Àwọn èèyàn 45 tó yọ̀ǹda ara wọn ń wo òkúta lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní láti sọ bóyá ejò wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Bí ejò bá wà níbẹ̀, iná kékeré tó ń dunni á ta wọ́n lọ́wọ́, yálà wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Àwọn onímọ̀ náà ń wọn bí ọmọlójú wọn ṣe ń fẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń làágùn. Ìgbà tí ara kò balẹ̀ rárá kì í ṣe ìgbà tí iná dájú. Ìgbà tó jẹ́ ìdá 50 nínú 100 ni, tó lè ta wọ́n, tó sì lè má ta wọ́n. Ọkàn ẹni tó mọ̀ dájú pé iná ń bọ̀ balẹ̀ ju ti ẹni tí kò mọ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn tí kò tíì ṣí ní Darkwood, òun gan-an ni òkúta yẹn. Bí ajá igbó bá ti já wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí i pé àyà àwọn ń rọlẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé. Ọwọ́ ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn. Iyèméjì ti tán.

Òkùnkùn tún ń bù kún un. Ní 1997, Christian Grillon, Michael Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ń jẹ́ kí ariwo òjijì dún sí àwọn èèyàn létí, wọ́n sì ń wọn bí ojú wọn ṣe ń ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ta gìrì. Ariwo kan náà, nínú òkùnkùn, ta wọ́n gìrì ju bó ṣe ta wọ́n gìrì nínú ìmọ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Davis àti David Walker rí òdìkejì rẹ̀ lára eku: ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí eku ta gìrì jù. Òru ni eku fi ń jẹ̀, ojúmọmọ ni àwọn ọ̀tá ti máa ń rí i. Àwa ní tiwa, ojú là ń lò, bí ojú kò bá sì ríran mọ́, ara á fi ìṣọ́ra rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ṣe Darkwood mọ èyí dájú. Lójú kọ̀ǹpútà, apá iwájú ọkùnrin náà nìkan ni èèyàn lè rí ohun tó ń rìn. Ẹ̀yìn rẹ̀, àfi etí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ nínú irú ipò yẹn, kò sí ohun tí mo lè fi wé e fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú ju alẹ́ tí kò síná, tí ìró jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ń fà, ń fà, tí gbogbo ilé sì ń fetí sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá epo ló tán.

Kí wá ni ẹni tó ń gbá géèmù náà máa ṣe? Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa kì í gbìyànjú láti mọ ohun tó ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yan ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n á fẹ́ kan gbogbo fèrèsé pa, á pín pákó sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì rọ̀. Tí nǹkan bá wá já pákó, ibi mẹ́fà ló lè ti wá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kó pákó tó nípọn sí ibi márùn-ún, á wọ́ àpótí àti kọ́bọ́ọ̀dù tì wọ́n, á fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀, á sì dẹ tàkúté irin síwájú rẹ̀. Kò dí òru lọ́wọ́. Ó kàn ti dín ìbéèrè mẹ́fà kù sí ọ̀kan ni. Bí tàkúté bá ti há lójijì, ó ti mọ ibi tí nǹkan náà wà, ó ti mọ ìgbà tó dé, ohùn irin náà sì ti di ohùn tó ń dún fún eku Weiss kí iná tó gbé e.

Ìwòye kan náà ló wà nínú epo. Ẹni tó bá wo inú jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó rọ ọ́ kún, ti mú iyèméjì kan kúrò. Bí iná bá wá kú lóru, á mọ̀ pé kì í ṣe epo, òru ló pa á. Á mọ̀ pé kí òun má sáré jáde lọ síbi jẹnẹrétọ̀, kí òun tan tọ́ọ̀ṣì tó ti wà lọ́wọ́, kí òun dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà títí ìṣẹ̀lẹ̀ náà á fi kọjá. Ẹni tí kò wò ó ní ìrọ̀lẹ́ á máa bi ara rẹ̀ léèrè nínú òkùnkùn, ibi tó bá sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ni ó máa kú sí.

Ti ìró ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí èèyàn má lọ wò ó. Ọpọlọ ń fẹ́ kí iyèméjì tán débi pé ó lè ti ẹni lọ sínú ewu láti mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kú lóru àkọ́kọ́: kì í ṣe ohun tó wọlé ló pa wọ́n, àwọn ló jáde tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jókòó sí igun yín. Ẹ jẹ́ kí etí sọ ibi tó wà. Ikú pàápàá kì í ṣe òpin bí èèyàn bá gbá a ní ìpele tó rọrùn: ẹni tó kú á jí láàárọ̀, á pàdánù apá kan ẹrù rẹ̀, kò sì ní rí ojúrere tí oníṣòwò tó máa ń wá lówùúrọ̀ ń fún ẹni tó la òru já. Ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀ tó ń fọkàn balẹ̀. Ní ìpele tó le jù, ikú kan ṣoṣo ló parí gbogbo rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ń ṣàìsùn tẹ́lẹ̀ á fi lọ yan ìyẹn fún ara rẹ̀.

Ní ti ara tó jókòó sórí àga, ohun mẹ́ta ni mo máa tọ́ka sí. Ẹ fi iná kan sílẹ̀ nínú yàrá, kódà kó jẹ́ kékeré lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Òkùnkùn inú géèmù ti tó, kò yẹ kí a tún fi ti yàrá kún un. Bí hẹ́dífóònù bá wà létí, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù, nítorí ariwo òjijì ni ara ń ta gìrì sí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èémí. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Bí a bá ń mí síta, ó máa ń falẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ń bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́. Ẹ wo ejìká yín nígbà tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn. Ó ti ga dé etí, ẹ kò sì mọ ìgbà tó ga. Ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹ rọra tú èémí jáde. Ìyẹn ni kẹ̀kẹ́ tiyín.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí èèyàn á fi ra ìbẹ̀rù fún ara rẹ̀? Èmi kò kà á sí ìwà òmùgọ̀. Ní Denmark, Marc Malmdorf Andersen, Mathias Clasen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Aarhus tẹ̀ lé àwọn èèyàn 110 wọ ilé adẹ́rùbani kan ní ìlú Vejle, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ wọn lára. Ìwádìí náà jáde ní 2020. Ẹni tí ẹ̀rù bà díẹ̀ jù kò gbádùn rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bà jù náà kò gbádùn rẹ̀. Àárín ni adùn wà. Ohun tó ń jẹ́ kí òru Darkwood dùn ni pé èèyàn lè gbé e dé àárín yẹn fúnra rẹ̀, nípa pákó tó kàn, epo tó rọ àti iná tó fi sílẹ̀. Bí ó bá ti kọjá àárín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí èébì ń gbé ẹni, tàbí tí ìrántí nǹkan burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni lójú ayé bá ń padà wá, kì í ṣe eré mọ́. Ẹni tó ní wárápá tí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú máa ń fà gbọ́dọ̀ yẹra fún irú géèmù yìí pátápátá.

Ibi tó ká mi lára jù ni oorun. Òru ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti gbá géèmù òru. Cortisol tó ga láago 12 kò mọ̀ pé a ti pa kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ tó ti ń wọ ojú sì ń dí melatonin lọ́wọ́, èyí tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Oorun á pẹ́ kó tó kun ẹni. Ní 2007, Seung-Schik Yoo, Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwòrán tó ń da ọkàn rú han àwọn tí kò sùn lóru kan àti àwọn tó sùn, wọ́n sì ń wo inú ọpọlọ wọn. Amygdala àwọn tí kò sùn ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó sùn lọ ní ohun tó lé ní ìdá 60 nínú 100. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbá a lálaalẹ́: òru àná ló ń pèsè ìbẹ̀rù òní sílẹ̀. Ẹrù tó gbé lọ́jọ́ kìíní á wúwo sí i lọ́jọ́ kẹta, á sì máa rò pé géèmù ló ń le sí i.

Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán, ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ gbá òru Darkwood ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ nínú géèmù náà, kì í ṣe ní àárín òru rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn lẹ máa gbé lọ sórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan, ó dára bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín rẹ̀ àti oorun. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára géèmù kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ yín ní òru àkọ́kọ́ tó máa gbá. Bí ọmọ bá ń ké lójú oorun, tí kò fẹ́ dá sùn mọ́, ẹ gba géèmù náà lọ́wọ́ rẹ̀, láìbú u, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí kò tíì sùn dáadáa, ẹ mú un lọ rí dókítà.